Ojú Méjì Lára Pósí Òkúta

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin kan ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sí pósí, kí ó sì tún ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn ńlá wá pàtẹ́wọ́ fún un, kí onítọ̀hún fà sún mọ́bí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣe àdììtú. Ọkùnrin náà ṣubú, ó ṣubú gbì, ẹ má dára yín láàmú lórí ìyẹn. Ọ̀nà tó gbà ṣubú ni ìtàn, àti obìnrin tó dúró tó ń wò ó.

Ìyá Pósí ni gbogbo òṣìṣẹ́ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ń pe obìnrin náà. Kì í ta pósí o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni pé kó máa ka àwòrán tó wà lára pósí òkúta ayé àtijọ́, àwọn tí ará ìgbàanì fín èèyàn, ẹranko àti ewéko sí lára kí wọ́n tó tẹ́ òkú wọn sínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi jókòó ti ẹyọ kan ṣoṣo ní yàrá ìsàlẹ̀, òun àti tọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, pẹ́ńsùlù, àti awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó mọ iye ìka ẹsẹ̀ tó wà lára òkúta náà, ó sì mọ àwọn tó ti kán. Ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í kí i káàbọ̀ bí àwọn ìyá yòókù.

"Ọmọ mi, òkú rẹ yẹn ò tíì jí?"

"Kò tíì jí, Màmá."

"Kò burú. Lọ fọwọ́, kóo wá jẹun."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe pósí náà, torí òun gan-an ni olórí ẹjọ́. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, òkúta funfun ni. Lápá òsì, àwọn ọmọ kékeré abìyẹ́ dúró, wọ́n dorí iná ọwọ́ wọn kodò. Lápá ọ̀tún, ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ṣí díẹ̀. Láàárín, èèyàn méjì tí aṣọ wọn balẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún ara wọn mú. Ọ̀kan mú ìwé kíká lọ́wọ́ òsì, èkejì fi aṣọ borí. Agbẹ́kùúta ìgbàanì yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú èékánná àwọn méjèèjì. Ojú wọn nìkan ni kò gbẹ́. Ibi tó yẹ kí imú àti ẹnu wà dán bọ̀rọ́, àmì irin lẹ́sẹẹsẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìdí tí ojú náà fi rí bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Pósí ń wá láti ọdún mọ́kànlá, ó sì ti rí i. Àwọn agbẹ́kùúta ayé àtijọ́ máa ń gbẹ́ pósí sílẹ̀ de oníbàárà. Wọn á parí gbogbo rẹ̀, wọn á fi ojú sílẹ̀. Ọjọ́ tí èèyàn bá kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ bá wá mú pósí, ọjọ́ náà ni wọ́n ń gbẹ́ ojú òkú sí i. Èyí kò rí ẹni wá mú un. Ó ti ń retí òkú tirẹ̀ láti ìgbà tí ayé ti wà ní kékeré. Irínwó ojú ìwé ni Ìyá Pósí kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, orí kẹrin rẹ̀, tó dá lórí ojú náà, ni ọkàn ìwé. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọ̀mọ̀wé tó ń ka àwòrán ara pósí káàkiri ayé ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé ó ti bá òkúta jókòó lásán.

Ẹni tí yóò fọwọ́ sí títẹ̀ rẹ̀ sì ni Ọ̀gá Àgbà.

Ọ̀gá Àgbà kò kàwé nípa ohun àtijọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ti wá, níbi tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án fa ìlà funfun sílẹ̀ kí mọ́tò lè mọ ibi tí yóò dúró sí. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìlà náà tọ́ dáadáa. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fa ìlà funfun sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí òṣìṣẹ́ máa tò lé e láràárọ̀ láti kí òun. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tínrín kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ láti ara ìtẹríba, ló ń léwájú ìkíni náà.

"Ta ló dé?"

"Ọ̀gá Àgbà ló dé!"

"Òpó ilé!"

"Ẹ káàbọ̀!"

"Òrùlé ilé!"

"Ẹ káàbọ̀!"

"Ògiri ilé!"

"Ẹ káàbọ̀!"

Lọ́jọ́ kan, bàbá aṣọ́nà, tó ti wà nílé náà ṣáájú gbogbo wọn, béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Fèrèsé ńkọ́?" Wọ́n fún un ní kúẹ́rì. Kúẹ́rì ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló fẹ́ rò tí wọn ò fi ní jẹ ẹ́ níyà. Ẹni tó bá gba mẹ́ta níbẹ̀, kó máa di ẹrù rẹ̀.

Fún odidi ọdún méjì, Ọ̀gá Àgbà kò sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀, nítorí kò sí kápẹ́ẹ̀tì lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà tí Mínísítà kọ̀wé pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun sì fẹ́ rí ohun kan tí kò sí níbòmíràn, ni wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tí Ọ̀gá Àgbà sì gba orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ọkọ ìyàwó.

"Kí nìyí?"

"Pósí òkúta ni, sà," ni Ìyá Pósí dáhùn.

Ọ̀gá Àgbà fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Akọ̀wé fi méjì sẹ́yìn, kó má baà dà bíi pé ó ṣíwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Àwọn abìyẹ́ yìí, kí ló dé tí wọ́n dorí iná kodò?"

"Ẹ̀mí tó ti kú ni wọ́n fi ń—"

"Rárá o! Wọ́n ń tan iná sílẹ̀ kí ẹni ńlá má baà kọsẹ̀."

"Ó ti yé mi yékéyéké, sà!" ni Akọ̀wé wí.

"Ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn ọ̀run ni, sà. Wọ́n ṣí i díẹ̀ kí—"

"Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ni. Ẹni ńlá kì í tilẹ̀kùn mọ́ aráàlú." Ẹ dákun, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tirẹ̀ ní àgádágodo mẹ́ta. "Àwọn méjì tó dira wọn lọ́wọ́ mú wọ̀nyí, aláṣẹ ni wọ́n. Wọ́n ń bọwọ́ lẹ́yìn àdéhùn pàtàkì. Ojú wọn dà?"

"Wọn ò gbẹ́ ẹ, sà."

"Ẹ ò rí i? Láti ayé ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ ti ń pa iṣẹ́ tì láìparí!" Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ bá ogun sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Èmi, gẹ́gẹ́ bí èmi, tí wọ́n fi mí ṣe èmi nílé yìí, n kò lè pe Mínísítà wá wo pósí. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ni pósí. Láti òní lọ, Àpótí Ọlá lorúkọ nǹkan yìí. Ẹni tí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀, kúẹ́rì."

Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe di èèwọ̀ nìyẹn. Wọ́n yí pátákó ara ògiri padà. Bàbá aṣọ́nà, tó ti ń sọ fún àlejò láti ọdún méjìlélógún pé "Pósí wà nísàlẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lókè," gba kúẹ́rì kejì kó tó di ọ̀sán. Ìyá Pósí di Ìyá Àpótí. Akọ̀wé tilẹ̀ ránṣẹ́ sí káfíńtà tó wà lódìkejì títì pé kó yí pátákó rẹ̀ kọjú sógiri, torí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń kan pósí, ọ̀gá sì lè rí i láti ojú fèrèsé. Káfíńtà béèrè pé lọ́jọ́ tí ẹbí Akọ̀wé bá fẹ́ sìnkú, ṣé Àpótí Ọlá ni kí òun kàn fún wọn?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìwé Ìyá Pósí padà dé láti ọ́fíìsì òkè. Wọ́n ti fi bírò pupa fa igi lórí orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ "Láti ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà" rọ́pò rẹ̀. Orí kẹrin kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ náà wà nínú rẹ̀ nígbà méjìdínlọ́gọ́fà, Akọ̀wé ló kà á. Obìnrin náà gun àtẹ̀gùn lọ sókè pẹ̀lú ìwé náà láyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́. Orúkọ mi dà?"

Ọ̀gá Àgbà wò ó tìyanu-tìyanu, bíi pé àga ló sọ̀rọ̀. Ó gba ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan sí etí rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i lábẹ́: *Iṣẹ́ ni kí ayé rí, kì í ṣe orúkọ.*

"Tọ́jú ìyẹn," ó ní. "Ọgbọ́n ni."

Ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́.

Ká ní ibẹ̀ lọ́rọ̀ náà mọ, ọkùnrin yìí ì bá jèrè ìwà rẹ̀ títí dọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Àmọ́ ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́jọ́ kan tó ń jẹ ẹ̀pà lọ́fíìsì, èrò kan sọ sí i lọ́kàn: ojú méjì tó ṣófo yẹn, kí ló dé tí a ò ní parí rẹ̀? Ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́, ọ̀mọ̀wé ni, a jẹ́ pé òun alára nìyẹn. Ẹni tó borí ńkọ́?

"Ta ni wọ́n ń fi aṣọ bò lórí?" ó bi Akọ̀wé. "Ẹni tí wọn ò fẹ́ kí oòrùn pa. Ta ni wọn ò fẹ́ kí oòrùn pa?"

"Mínísítà, sà!"

"Mínísítà! Ó máa dé, ó máa ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ó máa rí ara rẹ̀ tó ń bọ̀ mí lọ́wọ́ láti ayé àtijọ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á tún fi mí sílẹ̀ ní ipò tí mo wà yìí?"

"Ipò yìí ti kéré sí yín, sà. Èjìká yín ń hàn níta."

Ìyá Pósí gbọ́, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: ojú tó wà lára pósí, ojú òkú ni, ẹni tí wọ́n bá gbẹ́ síbẹ̀, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní olóògbé nìyẹn, pé ẹni tó borí, obìnrin ni, pé tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n ń dágbére fún ara wọn, pé òfin kò sì gba kí irin kan ohun àtijọ́. Lẹ́tà náà padà dé kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá Àgbà kò kà kọjá ìlà àkọ́kọ́. Ó fa òbìrípo pupa yí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ká, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Kúẹ́rì.* Ìyá Pósí kọ òmíràn láìlo ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé kò fi jíṣẹ́. Ó ní obìnrin náà kò fẹ́ ìtẹ̀síwájú. Kúẹ́rì kejì nìyẹn.

Agbẹ́kùúta tí wọ́n pè wá, ẹnu géètì ibi ìsìnkú ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni kíkọ orúkọ àti gbígbẹ́ ojú sára òkúta ibojì. Ó wọlé, ó rí ohun tí wọ́n ní kó gbẹ́, ó yọ fìlà, ó sún mọ́ Ìyá Pósí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pósí lèyí?"

"Wọn kì í dárúkọ ẹ̀ nílé yìí."

"Ọ̀gá yín mọ̀?"

"Mo kọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì."

Agbẹ́kùúta mi orí. "Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣe ni wọ́n máa ń gbé fọ́tò oníbàárà mi wá, torí òun fúnra rẹ̀ ò lè wá. Ọ̀gá yín ni àkọ́kọ́ tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá jókòó fún mi."

Ọ̀gá Àgbà sì jókòó lóòótọ́, àgbọ̀n sókè, ojú ní jíjìn. Ó ní kí wọ́n dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kù. Ó ní kí wọ́n fi irun síwájú orí, níbi tí irun ti kọ òun sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ti Mínísítà, inú fọ́tò ni wọ́n ti wò ó, wọn kò sì gbàgbé irunmú rẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀, èyí tó nà jáde lápá méjèèjì bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí irin àkọ́kọ́ ba òkúta, Ìyá Pósí jáde síta, ó sunkún. Kò fi pa mọ́ rárá. Àwọn àmì lẹ́sẹẹsẹ tó fi awò rẹ̀ kà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọdún mọ́kànlá, tí ẹnikẹ́ni kò tún ní rí mọ́ láyé, di eruku lórí kápẹ́ẹ̀tì kó tó di ọ̀sán. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju bébà tí obìnrin náà ti tẹ̀ mọ́ ojú náà nígbà kan láti fi gba ẹ̀dà àwọn àmì wọ̀nyẹn. Inú àpótí aṣọ ìyá rẹ̀ nílé ló kó o pa mọ́ sí.

"Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, Màmá."

"Kí lo fẹ́ fi sílẹ̀ sí? Ṣé ìwọ lo gbẹ́jú ẹ mọ́ pósí ni?" Ìyá arúgbó náà fọwọ́ tẹ bébà inú àpótí náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ó pa ìdérí rẹ̀ dé. "Jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Òtítọ́ kì í ṣìnà. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè ni kó dáhùn."

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, irunmú rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ wọlé, àwọn oníròyìn tẹ̀ lé e. Gbogbo òṣìṣẹ́ tò lórí ìlà funfun. Akọ̀wé kígbe òpó, òrùlé àti ògiri, ó wá fi "ilé tuntun" kún un fún Mínísítà. Nísàlẹ̀, wọ́n ti da aṣọ bo pósí. Ọ̀gá Àgbà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. N kò ní kó gbogbo rẹ̀ síbí, ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Díẹ̀ rèé:

"Olúwa mi, Mínísítà wa! Kí a tó bí yín ni òkúta ti ń wá yín! Àwọn ará ìgbàanì wo iwájú, wọ́n rí i pé àwọn kò tó ojú yín í gbẹ́, wọ́n fi àyè sílẹ̀! Lónìí, ẹ̀yin àti èmi, ọwọ́ nínú ọwọ́, a ó wà nínú Àpótí Ọlá yìí títí ayérayé!"

Wọ́n fa aṣọ kúrò. Pàtẹ́wọ́ sọ. Mínísítà sún mọ́ ọn, ó rí ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, kò lè pa á mọ́ra.

"Ó jọ mí! Ẹ wo irunmú mi!" Ó yí òkúta náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, ó sì gùn. "Ẹ gbọ́ ná, Ọ̀gá Àgbà, kí ni wọ́n ń fi í ṣe nígbà yẹn?"

"Wọ́n ń fi ọlá pamọ́ sínú rẹ̀, sà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ọlá pamọ́?"

Ọ̀gá Àgbà wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo bàtà rẹ̀. Mínísítà wo gbogbo òṣìṣẹ́ yípo.

"Nínú gbogbo yín, ta ló mọ nǹkan yìí jù?"

Gbogbo ojú, títí kan ti Akọ̀wé, yí lọ sọ́dọ̀ Ìyá Pósí, níbi tó dúró sí lẹ́yìn òpó. Kúẹ́rì méjì ló wà nínú báàgì rẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀, ó rántí ilé tí wọ́n ń gbé. Ó rántí eruku lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti bi í ní ìbéèrè.

"Pósí ni, sà."

Ó dà bíi pé ẹnìkan pa iná yàrá náà. Mínísítà rọra béèrè pé, "Pósí ta ni?"

"Ti ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lára rẹ̀ ni, sà."

"Ojú tèmi wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

Ìyá Pósí kúnlẹ̀ kó tó dáhùn, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. "Ẹ̀yin ni ìyàwó, sà. Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà. Ẹ ti kú, ẹ sì ń dágbére fún ara yín."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Títí dòní, wọn kò mọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n ohùn náà jọ ti bàbá aṣọ́nà. Ẹ̀rín ràn mọ́ àwọn oníròyìn, fọ́tò wá ń kọ mànà lápá ọ̀tún, lápá òsì. Nínú gbogbo fọ́tò náà, Ọ̀gá Àgbà ń na ọwọ́ sí Mínísítà láti bẹ̀ ẹ́, ó sì rí bí ti ara òkúta gẹ́lẹ́.

Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì kọ ọ́ gàdàgbà: MÍNÍSÍTÀ ÀTI OLÓÒGBÉ ỌKỌ RẸ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Àgbà obìnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, rí fọ́tò náà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀. Kò ka ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó rí àbúrò rẹ̀ lára pósí, ó pariwo. Òun àti ẹbí mẹ́jọ gbé igbe dé ilé rẹ̀, òkú fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé o! N ò kú!"

"O ò kú?" Ẹ̀gbọ́n fi gèlè nu ojú, inú bí i. "Tí o ò bá kú, kí lo wá dé orí pósí? Wọ́n ní o tilẹ̀ fi opó kan sílẹ̀ tó ní irunmú!"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Àgbà dé ibi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sí lórí ìlà funfun. Mọ́tò Akọ̀wé ló wà níbẹ̀, ó gbé e sí i. Òun alára wà nínú ilé, ó ń kọ̀wé sí Mínísítà pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ojú yẹn ti ń kọ òun lóminú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Wọ́n gbé pátákó kan síwájú ọkùnrin náà, ọ̀kan nínú ogójì tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kàn káàkiri ilé. *ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN OHUN ÀTIJỌ́. ÌJÌYÀ ŃLÁ Ń BẸ.*

"Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ojú sí pósí?"

Ọ̀gá Àgbà ṣí ẹnu. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé náà. Ó tún un rò, ó dojú pátákó náà dé. Wọ́n dá a dúró lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá aṣọ́nà sì ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní, "Ẹ rọra o, fèrèsé ilé."

Mínísítà ní kí wọ́n ha ojú méjèèjì kúrò. Agbẹ́kùúta wá, ó fi ìka lu òkúta, ó ní ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́, bí òun bá tún fi irin kàn án, ihò ni yóò dá. Bí ojú méjèèjì ṣe dúró nìyẹn. Mínísítà fi kọ́tìnnì bo tirẹ̀ títí tó fi kúrò nípò. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ kọ́tìnnì náà, ó sì yọ̀ gan-an bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Ìwé Ìyá Pósí wá fẹ́ jáde, orí kẹrin ti padà sáàyè rẹ̀, bébà inú àpótí aṣọ ìyá arúgbó ló jẹ́rìí rẹ̀, orúkọ obìnrin náà sì wà níwájú ìwé. Ìlà kan ṣoṣo ló kù tó máa kọ, èyí tí wọn yóò tún lẹ̀ mọ́ ara ògiri, nípa ojú tuntun méjì náà. Ó ń rò ó lọ́wọ́ nílé ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ lọ ṣí i, ó wo àlejò náà dáadáa, ó sì kígbe sínú ilé.

"Ọmọ mi! Òkú rẹ ti jí o! Ó wà lẹ́nu ọ̀nà!"

Ọ̀gá Àgbà àná wọlé. Ó ti rù, kóòtù rẹ̀ ti tóbi jù ú. Kò jókòó títí wọ́n fi ní kó jókòó.

"Ìyá Àp... Ìyá Pósí," ó ní. "Mo gbọ́ pé ìwé fẹ́ jáde. N kò wá jà. Kí ẹ kàn bá mi kọ orúkọ mi síbẹ̀. Àwọn èèyàn á máa wò mí fún ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò mí láìmọ̀ mí. Ẹ kọ ọ́ pé òmùgọ̀ ni mí bí ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣáà fi orúkọ sí i."

Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, ẹ má rò pé kò ṣe é. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ojú ìwé kan jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Orúkọ obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n fa igi lé lórí. Létí rẹ̀ ni lẹ́tà pupa wà.

Ọkùnrin náà kà á. Ó tún un kà. Ó rí ibi tí òun ti fọwọ́ sí i.

"Ẹ ní kí n tọ́jú ẹ̀, sà," ni Ìyá Pósí wí. "Ẹ ní ọgbọ́n ni."

Ohun tó kọ ni ẹ ó bá lára ògiri títí dòní bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀: *Ojú ọkùnrin àti ti ìyàwó rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ àìpẹ́. A kò mọ orúkọ wọn.*

Ọjọ́rú ni àwọn àgbà máa ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo Ọjọ́rú, bàbá kan á wá, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí náà, àgbọ̀n sókè, ojú ní jíjìn, bí ó ṣe jókòó fún agbẹ́kùúta lọ́jọ́sí. Àmọ́ agbẹ́kùúta ti dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kù jù, ó ti fi irun sí i jù, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ní Ọjọ́rú kan, obìnrin kan wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó wo ojú ara òkúta, ó wo bàbá náà, ó tún wo òkúta. Bàbá náà tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni obìnrin náà wí, ó sì na fóònù sí i. "Ẹ bá wa ya fọ́tò, èmi, ọkọ mi, àti àwọn òkú yìí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ̀ ń dí wọn lójú."

Ó gba fóònù náà, ó fẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó sì yà wọ́n.